Àpótí Ìmọ̀: Ta ní ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ kó má kan?

Ìwọ̀n pH ni a fi ń mọ bí nǹkan olómi ṣe kan tó. S. P. L. Sørensen, ọmọ Denmark, ló gbé e jáde ní 1909. Omi tó mọ́ gaara wà ní 7. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú sì wà lókè. Ẹ má fojú kékeré wo ẹyọ kan ṣoṣo o: ohun tó wà ní 6 fi ìlọ́po 10 kan ju èyí tó wà ní 7 lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le kì í sábà kúrò láàárín 7.35 sí 7.45. Àyè yẹn há gan-an, nítorí kò sí ìgbà tí ara kì í ṣe ásíìdì. Bí a bá ń sáré, iṣan ara a máa tú kábọ́ọ̀nù dàóksáìdì sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti pò mọ́ omi, ó di ásíìdì. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní hẹmoglóbìnì ló kọ́kọ́ ń pa agbára rẹ̀. Ọpọlọ náà yóò sì pàṣẹ fún wa pé ká mí kíákíá, kí gáàsì yẹn lè bá èémí jáde. Ara ìdí nìyẹn tí eléré ìje fi ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Kíndìnrín kì í kánjú ní tirẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn, ṣùgbọ́n òun ló ń da ásíìdì tí ẹ̀dọ̀fóró kò lè mí jáde nù sínú ìtọ̀.