Ẹ Wo Ẹ̀yìn Ibodè Kí Ẹ Tó Pariwo

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Wedding ní Berlin, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà ní Hamburg, ọ̀rọ̀ owó ibodè tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ bú ara yín ti dé etígbọ̀ọ́ mi. Láti ìgbà tí Trump ti fi owó lé ọjà gbogbo ayé ní 2025, tí Yúróòpù gba 15 nínú ọgọ́rùn-ún, tí Nàìjíríà náà gba 15, ẹ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ọkùnrin náà mọ ohun tó ń ṣe, pé kí àwa náà ti bọ́dà pa, kí á máa jẹ ohun tí a gbìn. Àwọn kejì ní rárá o, kí gbogbo ayé ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé, ó sì kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò tí ẹ ń gbé. Ní 1879, Bismarck fi owó lé ọkà àti irin tó ń wọ Jámánì. Máàkì kan ni wọ́n ń gbà lórí ọgọ́rùn-ún kílò ọkà. Nígbà tó fi máa di 1887, ó ti di máàkì márùn-ún. Àwọn olóko ńláńlá ìlà-oòrùn jèrè, àwọn oní-ilé-iṣẹ́ irin yọ̀. Òṣìṣẹ́ tó há sí yàrá kan pẹ̀lú aya àti ọmọ ní Wedding kò ní oko kankan, burẹ́dì ló ń rà. Òun ló ń san owó náà lórí tábìlì oúnjẹ rẹ̀. Mi ò ní sọ pé òfo ni gbogbo rẹ̀. AEG ń ṣe ẹ̀rọ iná ní Brunnenstraße, Schering ń ṣe oògùn ní Müllerstraße, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ gidi ń lọ lẹ́yìn ibodè. Friedrich List, ọmọ Jámánì tó gbèjà irú ààbò yìí nínú ìwé tó gbé jáde ní 1841, kò sì fẹ́ kó wà títí ayé: ó ní tí ilé iṣẹ́ bá ti dàgbà, kó jáde lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ figa gbága.

Hamburg kò kọ́kọ́ fẹ́ ibodè yìí. Oníṣòwò ni wọ́n, ọ̀fẹ́ ni ẹrù ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. 1888 ni wọ́n tó wọ inú ibodè Jámánì, wọ́n sì gba àyè kan sọ́tọ̀ létí omi tí ọjà ti lè gúnlẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Kí wọ́n tó lè kọ́ àwọn ilé ìkẹ́rùsí oníbíríkì pupa tí ẹ máa ń lọ ya fọ́tò níwájú wọn, Speicherstadt, nǹkan bí 20,000 ènìyàn ni wọ́n lé kúrò nílé. Àyè ọ̀fẹ́ létí omi yẹn wà títí di 2013.

Èyí tó dùn mí jù ni ti èkùrọ́. Àwọn ilé ìṣòwò O'Swald àti Gaiser ti Hamburg ti ń ra ọjà ní Èkó láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, ọkọ̀ ojú omi Woermann sì ń kó o lọ. Àwọn ìyá wa ní Ẹ̀gbá, ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú, ni wọ́n ń fi òkúta pa á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, Jámánì ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ náà. Ní Harburg, lẹ́bàá Hamburg, wọ́n ń fún òróró rẹ̀, wọ́n ń fi ṣe mágárínì, wọ́n ń fi èérí rẹ̀ bọ́ màlúù. Nígbà tí ogun parí, ní 1919, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi pọ́ùn méjì lé tọ́ọ̀nù èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ń lọ sí ibi tí kì í ṣe abẹ́ àṣẹ ọba wọn. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí àwọn tó ń fún òróró ní ilẹ̀ wọn rí èkùrọ́ rà láìbá ará Hamburg du. Ta ló béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń pa èkùrọ́? Wọ́n ti oníbàárà rẹ̀ kan mọ́ta, ẹni tó kù sì ń dá iye lé ọjà bó ṣe wù ú. 1922 ni wọ́n tó fagi lé e. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ibodè òun wà fún ire gbogbo ènìyàn, ẹ rántí ìyá yẹn.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé mo wà lẹ́yìn àwọn tó ní kí á ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Ohun tí mo ń wò ni ohun tí wọ́n ń ṣe nínú lọ́hùn-ún. Ní 1975 Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to mọ́tò ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Mọ́tò Ìjàpá tí ẹ rí nínú fọ́tò ìgbéyàwó àwọn bàbá yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti jáde. Ṣùgbọ́n inú àpótí ni ẹ̀yà ara mọ́tò ti ń wá láti òkè òkun, tiwa ni kí á dè é pọ̀. Ilé iṣẹ́ irin Àjàókúta tó yẹ kó máa pèsè irin kò parí títí di òní. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 1986, owó àpótí wọ̀nyẹn kọjá agbára, ilé iṣẹ́ náà sì ń rọ títí ó fi dákẹ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ibùdókọ̀ kan níbẹ̀. Ní 2013 ìjọba tún gbé owó ibodè orí mọ́tò tuntun sókè dé 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi tòkunbọ̀ ránṣẹ́ láti Hamburg mọ bó ṣe rí jù mí lọ: Kútọnù ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé. Ní òpin 2020, ìjọba fúnra rẹ̀ gé owó náà kù.

Fàyàwọ́ kò ní ṣàì bá irú òfin bẹ́ẹ̀ rìn. Togostraße tí ẹ ń gbà kọjá ní Wedding yẹn, orúkọ Togo ló ń jẹ́. Lomé, olú ìlú Togo, gbèrú nítorí pé àwọn oníṣòwò ń sá fún owó ibodè Gẹ̀ẹ́sì ní Gold Coast, kí Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, tó wá ri àsíá Jámánì mọ́ etíkun náà ní 1884.

Ní oṣù kẹjọ 2019, kò tíì tó oṣù méjì tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àdéhùn ọjà ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní Niamey, ni Nàìjíríà ti bọ́dà ilẹ̀ pa, ó di oṣù kejìlá 2020 kó tó ṣí díẹ̀ nínú wọn. Àwọn tó ń gbin ìrẹsì rí ọjà tà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrẹsì wọ́n fún ẹni tí kò ní oko, tòmátì sì jẹrà mọ́ àwọn àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́wọ́.

Jámánì tó ń ráhùn nípa Trump náà mọ ìṣirò ara rẹ̀. Nígbà tí Yúróòpù fẹ́ fi owó kún ti mọ́tò oníná Ṣáínà ní 2024, Jámánì dìbò pé òun kò fẹ́, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò rẹ̀ ń tajà ní Ṣáínà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yúróòpù ń ṣírò pẹ̀lú wa. Ẹ wo kòkó Oǹdó: tó bá wọ Hamburg ní hóró, kò san nǹkan kan. Tí ilé iṣẹ́ Ilé-Olújì bá lọ̀ ọ́, tó fún bọ́tà rẹ̀, ó ń san nǹkan bí 4 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Gánà àti Côte d'Ivoire ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìṣòwò pẹ̀lú Yúróòpù. Nàìjíríà kọ̀, ó ní ọjà Yúróòpù yóò bo ilé iṣẹ́ wa mọ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́ lójú mi. Èyí tí kò tọ́ ni pé láti ìgbà tí a ti kọ̀, a kò fún àwọn ilé iṣẹ́ náà ní iná tó dúró, a kò fún wọn ní ọ̀nà, a kò fún wọn ní owó yíyá tí kò ní lé wọn sá. Ààbò tí kò bá ní iná mànàmáná nínú, ìyà ni, mẹ̀kúnnù ló sì ń jẹ ẹ́.

Ibodè kan wà tó jẹ́ pé àwa fúnra wa la tì í. Láti oṣù kẹfà 2015 ni Yúróòpù ti ní kí ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà má wọlé mọ́, nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Kì í ṣe Trump ló da oògùn kòkòrò Sniper sínú àpò ẹ̀wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìwé ọmọ onílùú, ẹ ní ìbò. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín ní Bundestag àti ní Brussels, kí ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí hóró kòkó fi ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ tí bọ́tà rẹ̀ fi ń sanwó. Ẹ̀yin tí ẹ ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ yọ apá kan kúrò nínú tòkunbọ̀, kí ẹ fi sí lílọ̀ kòkó ní Oǹdó àti gbígbẹ ẹ̀wà láìsí májèlé, kí ẹ sì kọ́ ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù Jámánì ń béèrè. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá sì tún ní kí á ti bọ́dà, ẹ ní kó kọ́kọ́ sọ ọdún tí yóò ṣí i, àti ilé iṣẹ́ tí yóò ti ní iná kí ọdún náà tó dé.