IBÀ LASSA ÀTI ILÉ ÀGBẸ̀: IṢẸ́ TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE KÍ ÌRÒYÌN TÓ DÉ

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí ibà Lassa. Ìdí tí a fi mú un wá síwájú yín ni pé ọkà ń wọlé láti oko, ọyẹ́ sì ń bọ̀. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni àrùn náà sábà máa ń pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì bá kígbe kí ó tó máa wá ìdérí fún dúrọ́ọ̀mù ọkà rẹ̀, ó ti pẹ́.

Àwa tí a ń gbé ní Hausari ní Maiduguri mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí ìròyìn ibà Lassa bá jáde. Àwọn ará ilé a bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá láti Ọ̀wọ̀, láti Àkúrẹ́, láti Ìbàdàn pé: “Ẹ máa bọ̀ wálé o, ṣebí Borno ni àrùn yẹn ti wá?” Àwọn mìíràn a ní kí á má fi ẹ̀wà ránṣẹ́ mọ́. A kò lè bá wọn jà, nítorí pé lóòótọ́ ni orúkọ àrùn náà ti Borno wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn náà bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Lassa jẹ́ ìlú kan ní gúúsù Borno, ní ìjọba ìbílẹ̀ Askira/Uba. Àwọn ajíyìnrere ìjọ Church of the Brethren ní ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1969, nígbà tí a kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Borno sílẹ̀, tí gbogbo agbègbè yìí ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn náà, Laura Wine, ṣàìsàn. Ọ̀fun ń dùn ún, ara rẹ̀ gbóná, oògùn kò sì ràn án. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, kò sì pẹ́ tí ó fi kú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, Charlotte Shaw, kó àrùn náà, ó sì kú ní oṣù Kejì. Nọ́ọ̀sì kẹta, Penny Pinneo, dùbúlẹ̀ pẹ̀lú; wọ́n gbé e lọ sí New York, òun sì yè. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Jordi Casals àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale yẹ̀ wò tí wọ́n fi rí kòkòrò àrùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Casals fúnra rẹ̀ kó o. Omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára Pinneo wà nínú ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ tí ó fi yè. Dókítà Jeanette Troup, tí ó wà ní Jos láti ìbẹ̀rẹ̀, kó o lẹ́yìn tí ó ṣe àyẹ̀wò òkú aláìsàn kan, ó sì kú ní oṣù Kejì 1970.

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ yìí kò ní kí ó jókòó sí Lassa. Láti ìgbà náà, a ti rí i ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, ní Sierra Leone, ní Liberia, ní Guinea àti ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní ọdún 2018, ènìyàn tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní in ní Nàìjíríà ju 600 lọ, Edo àti Oǹdó sì ni ó pọ̀ sí jù. Ìdí nìyí tí ilé ìwòsàn Irrua ní Edo àti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ fi di ibi tí a mọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ń pe ìyá rẹ̀ láti Ọ̀wọ̀ pé kí ó sá kúrò ní Hausari, ó ṣeé ṣe kí òun gan-an sún mọ́ àrùn náà ju ìyá rẹ̀ lọ. Àwa tí a sì ń lọ sílé ṣe Kérésìmesì, tí a ń padà ní oṣù Kìíní pẹ̀lú gàrí nínú àpò, inú àkókò àrùn náà gan-an ni à ń rìn. Iṣẹ́ kan náà ni ó wà fún ilé tí a ti ń bọ̀ àti ilé tí à ń lọ.

Kí ni ó ń gbé e kiri? Eku ni. Ní 1972, ní Sierra Leone, ni àwọn onímọ̀ rí i pé eku kan tí wọ́n ń pè ní Mastomys natalensis ni ó ń gbé kòkòrò náà. Eku kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ ni, abo rẹ̀ ní ọmú púpọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ, ó sì máa ń bímọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Oko àti ìgbẹ́ ni ibùgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ilé tí oúnjẹ wà. Àrùn yìí kì í pa á. Ó lè máa gbé e kiri ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kí ó máa tọ̀ ọ́ sínú ọkà, kí ó máa yà á sórí gàrí. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ eku tí ó ní in àti èyí tí kò ní. Ẹni tí ó bá jẹ oúnjẹ tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ eku ti kàn lè kó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń pa eku, tí ó ń bó o, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ní egbò. Láti ara ènìyàn sí ènìyàn, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, èébì àti omi ara aláìsàn ni ọ̀nà rẹ̀.

Èyí kan àwọn ọmọ wa tí ń fi iná lé eku jáde nínú pápá lẹ́yìn ìkórè, tí wọ́n sì ń sun ún jẹ. A mọ̀ pé ẹran wọ́n, a sì mọ̀ pé eré ni fún wọn. Síbẹ̀, kí á dá wọn lẹ́kun.

Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí a bá gé ọkà bàbà àti jéró tán, tí oko ṣófo, tàbí tí a bá dáná sun pápá, eku a wá ibòmíràn gbà, ibẹ̀ sì ni ilé wa. Ẹ má dáná sun ìgbẹ́ ẹ̀bá ilé. Ẹ gé koríko yíká ilé kí ó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì kó pòròpórò àti àjákù igi tí ẹ tò ti ara ògiri jìnnà, nítorí pé abẹ́ wọn ni eku ń bímọ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àtùpà, ẹ yí inú yàrá ká ní alẹ́. Ihò tí ìka ọwọ́ àgbà bá lè wọ̀, eku lè gbà á kọjá. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí i. Bí kò bá sí sìmẹ́ńtì, ẹ ki àjákù wáyà mọ́ amọ̀, kí ẹ fi dí i. Amọ̀ nìkan kò tó, eku yóò gbẹ́ ẹ ní òru ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ àká ni ó kù. Àká tí àwọn Hausa ń pè ní rumbu dára bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ga tó mítà kan, tí a sì fi páànù dídán dé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni dé akẹtẹ̀. Eku kò lè gun páànù dídán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àkàbà tàbí ọ̀pá kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí ẹ̀ka igi kàn án, asán ni páànù náà. Púpọ̀ nínú wa ní Hausari kò ní àyè rumbu. Inú yàrá tí a ń sùn ni a ń kó ọkà sí. Àpò lásán kì í ṣe ààbò. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS dára púpọ̀ fún ẹ̀wà, kòkòrò inú ẹ̀wà a máa kú sínú rẹ̀ láìsí oògùn. Ṣùgbọ́n eyín eku lè lu òun náà. Ẹ gbé e sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má sì kan ògiri, kí ẹ lè máa rí ẹ̀yìn rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù onírin tí ó ní ìdérí ni ó dájú jù. Ó wọ́n lóòótọ́. Ìdílé méjì lè pawọ́ pọ̀ ra ọ̀kan. Fún gàrí, èlùbọ́ àti oúnjẹ tí a ti sè, kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu gbòòrò tàbí ike tí ìdérí rẹ̀ le ti tó.

Ẹ má sá tòmátì, ilá tàbí èlùbọ́ sórí ilẹ̀ lẹ́bàá títì. Ẹ sá a sórí pẹpẹ, kí ẹ sì kó o wọlé kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé òru ni eku ń rìn. Ẹ má sì fi oògùn apakòkòrò bíi ọ̀tápíápíá sínú ọkà tí a ó jẹ. Oògùn náà lè pa ará ilé kí ó tó kan eku.

Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku nílẹ̀, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú yín. Ẹ da ife Jik kan pọ̀ mọ́ ife omi mẹ́sàn-án, ẹ wọ́n ọn sórí rẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó fi àkísà nù ún. Òkú eku tí ológbò bá gbé wá, ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé e, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí ìdílé kan kò lè dá ṣe. Nínú agbo ilé tí a ti ń gbé ní Hausari, Kanuri, Hausa àti Yorùbá ń lo ààtàn kan náà. Bí ẹ bá dí ihò yàrá yín tí ààtàn sì wà lẹ́nu ọ̀nà, eku kò lọ síbì kan. Ẹ lọ bá onílé, kí ẹ sì bá Bulama àdúgbò sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn a máa rò pé òun kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, ó lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Ní oṣù Keje 2014, àrùn Ebola wọ Èkó pẹ̀lú arìnrìn-àjò kan láti Liberia. Ní oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí fóònù dé orí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan jí ọmọ wọn lóru, wọ́n fún wọn mu. Ìwé ìròyìn gbé e jáde pé ó kéré tán ènìyàn méjì kú nítorí iyọ̀ náà, àwọn mìíràn sì dé ilé ìwòsàn. Gbogbo ẹni tí Ebola mú ní Nàìjíríà kò ju 20 lọ, mẹ́jọ nínú wọn sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni àjọ WHO kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ohun tí ó tán an ni pé wọ́n wá gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn rí, wọ́n sì ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Iyọ̀ kò bá wọn dá sí i, orógbó kò bá wọn dá sí i.

Ìbẹ̀rù a máa ṣe ibi mìíràn tí a kì í kà sí: ó máa ń jẹ́ kí á fi aláìsàn pamọ́. A ó ní, bí àwọn ará àdúgbò bá gbọ́, wọn kò ní ra ọjà wa mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí á fi ibà Lassa falẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó kó o, bí mẹ́jọ ni kì í ṣàìsàn tí ó le. Àwọn tí ó le fún ni ó ń kú, pàápàá aboyún tí oṣù rẹ̀ ti sún mọ́ ìbímọ, etí a sì máa di fún àwọn kan tí ó yè. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ ribavirin. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sierra Leone, tí ó jáde ní 1986, fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ jù bí aláìsàn bá rí i gbà láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àrùn náà. Ọjọ́ tí a bá fi pa ọ̀rọ̀ mọ́, ara ọjọ́ mẹ́fà yẹn ni.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó jọ ibà lásán: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, àyà dídùn, èébì. Ojú wíwú tàbí ẹ̀jẹ̀ láti ẹnu àti imú a máa wá lẹ́yìn, a kò sì gbọdọ̀ dúró dè é. Kí á kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ibà. Bí a bá ti lo oògùn ibà bí ó ti yẹ fún ọjọ́ méjì tí ara kò sì rọlẹ̀, tàbí tí àyẹ̀wò bá ní kì í ṣe ibà, ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ẹ gba ilé ìwòsàn ńlá lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí a ti lò rí. Kí ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà láìfi ìkankan pamọ́: ìrìn àjò tí ẹ rìn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, eku tí ó wà nílé, ẹni tí ó ti ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ọdún 1969 kò ní ẹni tí ó lè sọ fún wọn.

Kí ọkọ̀ tó dé, kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú aláìsàn, kì í ṣe gbogbo ẹbí. Kí ó bọ ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá, kí ó máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ife àti àwo aláìsàn sì dá wà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan kú, kí á má wẹ òkú náà fúnra wa. Kí á pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, Mùsùlùmí àti Kristẹni bákan náà. A mọ̀ pé ó nira.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí baálé àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, kí wọ́n mú ìwé kan, kí ọmọ tí ó mọ̀wé kọ nǹkan wọ̀nyí sí i: nọ́mbà 6232 ti NCDC, tí a kì í san owó láti pè, nọ́mbà òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ọlọ́kọ̀ tí ó lè gbé ènìyàn lóru, ẹni tí yóò bá yín mójú tó àwọn ọmọ, àti iye owó ọkọ̀ tí ẹ ti yọ sọ́tọ̀ nínú owó ẹ̀wà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọmọdé kò ti ní fà á ya.