Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ àti Arọ Tó Gbọ́n: Ìmúrasílẹ̀ Pàjáwìrì ní Ilé Ìtọ́jú Arúgbó

Yorùbá ní, kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ni òwe yìí ń bá wí. Nínú ilé ìtọ́jú arúgbó, ọ̀pọ̀ ni kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìsí ẹni tó máa gbé wọn. Òwe mìíràn ló bá tiwọn mu: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká tú "ìmúrasílẹ̀" bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì mọfọ́lọ́jì: mú + ara + sí + ilẹ̀, kí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ara ni a ń mú sílẹ̀, kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bíg Mọ́mì, ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas. Iṣẹ́ kan tí wọ́n fi rán mi ló mú kí n kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ká dúró ni, àbí ká kúrò?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina mú kí omi ya wọ ilé ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ St. Rita's ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Wọn kò tíì kó àwọn arúgbó kúrò níbẹ̀. Èèyàn 35 ló kú. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, bí ìjì Rita ṣe ń bọ̀, wọ́n kó àwọn arúgbó láti Bellaire ní Texas sínú bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì náà gbiná nítòsí Dallas, àwọn àgbá ọ́síjìn inú rẹ̀ sì dá kún un. Èèyàn 23 ló kú.

Àwọn tó dúró kú, àwọn tó kúrò náà kú. Nítorí náà, "ẹ jẹ́ ká sá" nìkan kì í ṣe ètò. Ètò gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí a ó dúró, ìgbà tí a ó kúrò, irú ọkọ̀ tí a ó wọ̀ àti ibi tí a ń lọ.

Ní ọdún 2017, ìjì Irma tún kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ìlú Hollywood ní Florida, iná tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù ilé ìtọ́jú kan lọ. Ilé ìwòsàn ńlá wà nítòsí wọn gan-an, síbẹ̀ èèyàn 12 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ní ọdún 2018, Florida sọ ọ́ di dandan kí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní jẹnẹrétọ̀ àti epo tó lè mú ilé tutù fún wákàtí 96.

Òpó mẹ́rin

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, àjọ CMS, tó ń bójú tó Medicare àti Medicaid fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde. Wọ́n fún àwọn ilé ìtọ́jú ní gbèdéke ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Òpó mẹ́rin ló dúró lé:

1. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mọ ewu tó lè dé bá a, kó sì kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀.
2. Kó ní ìlànà lórí oúnjẹ, omi, oògùn àti iná, àti bí a ó ṣe mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà.
3. Kó ní ètò ìbánisọ̀rọ̀. Àwọn arúgbó àti ẹbí wọn gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa ètò náà.
4. Kó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì máa ṣe ìdánrawò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ibi tí iṣẹ́ tiwa wà

Òpó kẹta ni tèmi. Ìyá Yorùbá kan wà níbi iṣẹ́ Bíg Mọ́mì, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Àrùn ìgbàgbé ti ń gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ ìdánrawò, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dìde, wọn ò mira. Bíg Mọ́mì wọlé, wọ́n ní, "Ẹ dìde, Mà, ọkọ̀ ti dé." Màmá dìde.

Ṣùgbọ́n Bíg Mọ́mì kì í wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ní kí n kọ gbólóhùn márùn-ún sórí káàdì fún àwọn nọ́ọ̀sì. Mo kọ ọ́, mo fi àmì ohùn sí i dáadáa, inú mi sì dùn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kà á, "ọkọ̀ ti dé" di "ọkọ ti dé". Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà. Baba ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Bíg Mọ́mì ní òun ò mọ ohun tí òun ì bá sọ fún wọn.

Ó dùn mí. Àmì ohùn tí mo fi sí i kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Mo gbé fóònù, mo gba ohùn ara mi sílẹ̀. Mo yọ "Iná!" kúrò pátápátá, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni fún èyí tó ń jó ilé àti èyí tí a ń tàn. Mo fi "Ilé ń jó, ẹ jẹ́ ká jáde" rọ́pò rẹ̀. Mo kúrú gbólóhùn, mi ò sì fo "Mà" nínú ọ̀kankan. Ní ìdánrawò tó tẹ̀ lé e, Màmá tẹ̀ lé ohùn náà dé ẹnu ọ̀nà.

Ilé tiwa ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ arúgbó tiwa ló ń gbé nílé. Ẹni tó bá rántí omíyalé Ìbàdàn ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 mọ̀ pé omi kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹ bi ara yín lálẹ́ òní: Ta ni yóò gbé Màmá? Ibo ni oògùn wọn wà? Tí ẹni tó máa ń gbé wọn kò bá sí nílé ńkọ́?

Mo bi wọ́n nílé wa. A dákẹ́. Ibẹ̀ ni ètò tiwa ti bẹ̀rẹ̀.