Bí A Ṣe Lè Yan Ètò Kọ̀ǹpútà Tó Yẹ fún Iṣẹ́ Jọ́nà ní Ilé-Ìkàwé

Tí ilé-ìkàwé bá ra ìwé, tí a kọ ọ́ sínú kátálọ́ọ̀gù, tí a sì gbé e sórí pẹpẹ, iṣẹ́ orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọ̀rọ̀ jọ́nà kò rí bẹ́ẹ̀. Jọ́nà, ìwé ìròyìn, ìwé ọdọọdún àti gbogbo ohun tí à ń pè ní ìwé àtìgbàdégbà dà bí èsúsú: owó ni a kọ́kọ́ ń san, lẹ́yìn náà ni a óò máa retí. Ẹ̀dà kan á dé lásìkò, òmíràn á pẹ́, òmíràn kò sì ní dé rárá. Ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀ kò ní mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ jọ́nà ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi láti ìgbà tí mo ti jáde ní ẹ̀ka yìí, mo sì wà lára ìgbìmọ̀ tó ń yan ètò kọ̀ǹpútà tuntun fún ilé-ìkàwé wa. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka àpilẹ̀kọ yìí ni wọn yóò pè sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn tó ń ta ètò yóò fi bí a ṣe ń wá ìwé àti bí a ṣe ń yá a hàn yín, wọ́n lè má fẹnu ba ọ̀rọ̀ jọ́nà rárá. Ẹ mú ìbéèrè mẹ́rin yìí dání.

1. Ṣé ó mọ ohun tí kò dé?

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, káàdì ni àwọn tó ṣáájú wa ń lò. Jọ́nà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, káàdì náà sì ní àyè fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀dà bá dé, wọ́n á fàmì sí i. Àyè tó ṣófo ló ń sọ fún wọn pé ó yẹ kí wọ́n kọ lẹ́tà sí alágbàtà. Ètò tí kò bá lè ṣe tó káàdì yìí kò tíì yẹ ní rírà.

Ẹ wo Koha bí àpẹẹrẹ. Tí a bá sọ fún un pé jọ́nà kan ń jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, tí a sì sọ bí wọ́n ṣe ń ka ìdìpọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, yóò ṣírò ọjọ́ tí ẹ̀dà tó kàn yẹ kó dé. Bí ọjọ́ bá kọjá, a ó rí i nínú àwọn tó ti pẹ́, a ó sì lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí alágbàtà láti ibẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀dà tó sọnù tí oṣù díẹ̀ bá ti kọjá. Owó ti lọ nìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì rí nǹkan kà.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá ètò náà mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀dà tó jáde tí kò dé ọ̀dọ̀ wa àti ẹ̀dà tí kò jáde rárá. Nílé wa níbí, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Kò yẹ kó yani lẹ́nu tí jọ́nà ẹ̀ka kan bá pa nọ́ńbà 1 àti 2 pọ̀ sínú ẹ̀dà kan ṣoṣo lẹ́yìn irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ètò tó gbà pé gbogbo jọ́nà ló ń jáde lásìkò yóò máa bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀.

2. Ṣé ó mọ ìtàn orúkọ?

Jọ́nà a máa yí orúkọ padà. Odù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955 gẹ́gẹ́ bí jọ́nà ìmọ̀ Yorùbá àti àwọn ìmọ̀ tó bá a tan. Ní 1964, ó di jọ́nà ìmọ̀ Áfíríkà ti Yunifásítì Ifẹ̀, kíkà ìdìpọ̀ rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Ní 1969 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ tuntun, lábẹ́ orúkọ jọ́nà ìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá nọ́ńbà 1 lè bá méjì tàbí mẹ́ta pàdé.

Nínú MARC 21, ojú 780 ni a ń kọ orúkọ tó ṣáájú sí, ojú 785 sì ni ti orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín bóyá ẹni tó ń wá ìwé lè tẹ orúkọ kan kó sì gúnlẹ̀ sórí èkejì.

Ẹ yẹ ISSN wò pẹ̀lú. Ẹyọ mẹ́jọ ni, èyí tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti àyẹ̀wò, tí a ń ṣírò láti ara méje ìṣáájú. Ti Nature ni 0028-0836. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 0028-0835, kí ẹ wò ó bóyá ètò náà yóò kìlọ̀ fún yín.

3. Ṣé a lè kó ẹrù wa jáde?

Ní àwọn ọdún 1990, NUC pín TINLIB fún àwọn ilé-ìkàwé yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣí lọ sórí ètò mìíràn látìgbà náà. Kò sí ètò tí a ó lò títí ayé. Àkọsílẹ̀ orúkọ jọ́nà sábà máa ń jáde wẹ́rẹ́ ní MARC 21. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan dé àti owó àsansílẹ̀ ló máa ń há. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan títí wọn yóò fi kó méjèèjì jáde lójú yín.

4. Ta ni yóò máa bọ́ ọ?

Koha jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Màórì tó túmọ̀ sí ẹ̀bùn. Ilé-iṣẹ́ Katipo ló ṣe é fún àwọn ilé-ìkàwé Horowhenua ní New Zealand, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 2000, wọ́n sì fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. A kì í san owó láti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ẹṣin ta lọ́rẹ ṣì ní láti wá koríko. Sáfà ń fẹ́ iná, iná ń fẹ́ dísù nígbà tí NEPA bá mú tiwọn lọ, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà tó mọ bí a ṣe ń tún un ṣe. Àwọn ètò tí a ń san owó lé lórí lọ́dọọdún, bíi Alma, kò nílò sáfà lọ́dọ̀ wa, àmọ́ wọ́n nílò íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, àti owó tí kì í tán.

Bí ẹ ó ṣe dán an wò

Ẹ mú jọ́nà mẹ́fà láti orí pẹpẹ yín: èyí tó ń jáde lóṣooṣù, tìbílẹ̀ kan tí kì í tètè jáde, èyí tó yí orúkọ padà, èyí tó ti kú, ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kan, àti èyí tí ẹ ní lórí bébà àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí àwọn tó ń tà á kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ètò náà lójú yín, kì í ṣe àpẹẹrẹ tí wọ́n ti sè kalẹ̀ láti ilé. Kí òṣìṣẹ́ tí yóò máa gba ẹ̀dà lójoojúmọ́ jókòó síbẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Ní tèmi, ìbéèrè kìíní ni mo fún ní máàkì tó pọ̀ jù. Ìṣàwárí tó dára yóò fi ohun tó wà lórí pẹpẹ han òǹkàwé. Iṣẹ́ wa nídìí jọ́nà ni láti mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí, ká sì bèèrè fún un kí àsìkò tó kọjá.