Ẹni Tó Ń Tú Fáìlì Ẹlòmíràn, Kí Tirẹ̀ Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi o! Mò ń gbọ́ ọ ní àdúgbò wa ní Ìdímù níbí pé àwọn kan nínú yín ti ríṣẹ́ sí EFCC àti ICPC, àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, àwọn mìíràn sí ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í fi ayọ̀ nìkan sin ọmọ lọ síbi iṣẹ́ tó gbẹgẹ́. Bó pẹ́ bó yá, wọn yóò ní kí ẹ wá darí ìwádìí ọ̀ràn. Wọn yóò kó ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò, akọ̀wé àti ẹni tó mọ ìṣirò owó sábẹ́ yín, wọn yóò ní kí ẹ lọ wá ẹni tó fi owó ìlú ṣe ti ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún yín nípa ọjọ́ náà: ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀ lọ́nà tí àjèjì yóò fi lè yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìmọ̀ràn yòókù, inú ìyẹn ló ti ń jáde.

Àwọn bàbá wa ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlú fi ń dá ọ́fíìsì alábòójútó sílẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó lè wádìí ara rẹ̀, kó dá ara rẹ̀ láre, kí ará ìlú sì gbà á gbọ́. Ní 1975, ìjọba ológun dá Public Complaints Commission sílẹ̀ kí ẹni tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá rẹ́ jẹ lè ríbi fẹjọ́ sùn. Ní ọdún 2000, ICPC dé. Adájọ́ Mustapha Akanbi, ọmọ Ìlọrin tó ti jẹ́ ààrẹ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ní 2003, EFCC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Nuhu Ribadu. Ní 2021, ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣòfin tó dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú àti láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. A fún irú àwọn ọ́fíìsì báyìí lágbára láti kanlẹ̀kùn ẹni ńlá. Irú agbára bẹ́ẹ̀, bí kò bá sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ òun náà, ohun tí wọ́n ní kó máa lé gan-an ni yóò dà.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́: orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí ènìyàn. Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ fi ṣe o. Ká sọ pé ìwé ẹ̀sùn dé pé wọ́n gbowó gọ́tà òpópó kan, wọn ò ṣe é tán. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ ń gbóná yóò fẹ́ lọ gbé agbaṣẹ́ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jókòó ná. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́: mítà mélòó ni wọ́n ní àwọn yóò ṣe? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ni àbí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì? Ẹ wá ìwé ìsanwó: ta ló kọ ọ́, ta ló fọwọ́ sí i, ọjọ́ wo ni owó wọ báńkì? Ẹ wá ìwé tí ẹnjiníà fi jẹ́rìí pé iṣẹ́ parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú tépù ìwọ̀n dání, kí ẹ lọ sí òpópó náà. Ẹ wọn gọ́tà láti ojúlé àkọ́kọ́ dé ibi tó ti dáwọ́ dúró. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ kọ iye mítà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ agogo tó lù, ẹ kọ orúkọ ẹni tó di orí tépù kejì mú, kí òun náà fọwọ́ sí i. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà létí gọ́tà náà lè sọ oṣù tí àwọn òṣìṣẹ́ kó irinṣẹ́ wọn lọ fún yín. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹ má kọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Bí ìwé bá wá ní 400 mítà, tí tépù ní 200, ìgbà náà ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìbéèrè tí ẹ lè gbé tọ ènìyàn lọ. Ó lè jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ló jẹ owó náà. Ó sì lè jẹ́ pé owó tó kù kò tíì kan án lọ́wọ́, pé inú ọ́fíìsì ló ti sọnù. Ẹni tó ti kọ́kọ́ gbé agbaṣẹ́ṣe sí àtìmọ́lé kò ní fẹ́ rí ìkejì yìí mọ́, nítorí ojú yóò tì í.

Ìkejì: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ènìyàn. Afurasí kì í ṣe ọ̀daràn títí adájọ́ yóò fi sọ̀rọ̀. Ìjẹ́wọ́ tí ẹ bá fi ìyà tàbí ìhàlẹ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní kí adájọ́ má gbà á. Èkó wa yìí ti rí i ṣáájú: láti 2007 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kí ọlọ́pàá tó ń gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu afurasí ká a sórí fídíò, bí kò bá sí fídíò, kí agbẹjọ́rò rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2011, ìjọba àpapọ̀ náà sì ṣe tirẹ̀ ní 2015. Ẹ má wo kámẹ́rà yẹn bí ọ̀tá iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin gan-an ni yóò gbà là lọ́jọ́ tí afurasí bá dúró níwájú adájọ́ tó ní ẹ lu òun.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń dunni tó kí wọ́n dá ọ̀dọ́ dúró lójú ọ̀nà nítorí pé ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2023, òru ni àwọn òṣìṣẹ́ EFCC wọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ lórí ẹ̀sùn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ariwo ta. Alága EFCC, Ọlá Olúkòyédé, pàṣẹ pé kí wọ́n yé lọ ká ènìyàn mọ́lé lóru. Ìtàn yìí wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ darí ìwádìí. Ẹni tí a bá jí lójú oorun láìṣẹ̀, òun àti òbí rẹ̀ àti gbogbo àdúgbò rẹ̀ kò ní bá yín sọ òótọ́ mọ́ láéláé. Bí ọ̀gá bá sì rí i pé ọ̀nà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ń gbà kò dára, kó yí i padà ní gbangba, kí gbogbo ayé gbọ́.

Ìkẹta ni ti owó. Ẹ̀gúnjẹ yóò wá o, ẹ má tan ara yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, nígbà tí EFCC ń wádìí James Ibori, gómìnà ìpínlẹ̀ Delta nígbà náà, Ribadu sọ pé wọ́n kó mílíọ̀nù 15 dọ́là owó tútù wá fún òun kí ọ̀rọ̀ náà lè kú. Ibori ní òun kò mọ̀ sí i. Ẹ wo ohun tí àwọn olùwádìí fi owó náà ṣe. Wọn kò tì í mọ́ inú dúróà ọ́fíìsì, wọn kò gbé e sílé ọ̀gá kankan. Báńkì Àpapọ̀ ní Abuja ni wọ́n kó o lọ, ó di ẹ̀rí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Ribadu kúrò nípò. Ní 2012, nígbà tí ìjọba lọ bá ilé ẹjọ́ pé kí owó náà di ti ìjọba, ó ṣì wà níbi tí wọ́n kó o sí. Nítorí náà, bí ohunkóhun bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ owó, fóònù tàbí ìwé, ẹ má jẹ́ kó sun ọwọ́ yín mọ́jú. Ẹ kà á níṣojú ẹlẹ́rìí, ẹ dì í, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé e wá àti ẹni tó gbà á.

Ìkẹrin: fáìlì a máa pẹ́ ju ọ̀gá lọ. Òfin tó dá ICPC sílẹ̀ ti fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín 90 ọjọ́ iṣẹ́. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó gbé òfin náà lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àwọn adájọ́ sọ ní 2002 pé òfin dúró, ṣùgbọ́n wọ́n gé ibi tó dá ọjọ́ fún ilé ẹjọ́ yẹn kúrò. Ẹjọ́ ń pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 2007 ni EFCC gbé Orji Uzor Kalu, gómìnà ìpínlẹ̀ Abia tẹ́lẹ̀, lọ sílé ẹjọ́. Oṣù kejìlá 2019 ni wọ́n tó rán an lẹ́wọ̀n ọdún 12. Ní oṣù karùn-ún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé gbogbo rẹ̀, nítorí pé adájọ́ tó dá a ti gòkè lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kó tó parí ẹjọ́ náà. Wọn kò sọ pé ó jẹ̀bi, wọn kò sì sọ pé kò jẹ̀bi. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ló wọ́. Ọ̀rọ̀ Ibori náà nìyẹn: ní oṣù kejìlá 2009, ilé ẹjọ́ ní Asaba da ẹ̀sùn 170 nù, ṣùgbọ́n ní 2012, Ibori fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi ní London, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 13. Ẹni tí yóò ka ohun tí ẹ kọ lónìí lè má tíì jáde ilé ìwé báyìí. Ó lè wà nílùú mìíràn. Ẹ kọ ọ́ kó yé e láìsí ẹ̀yin níbẹ̀.

Ìkarùn-ún: ẹ dáàbò bo ẹni tó ta yín lólobó. Ní oṣù kẹrin 2017, olobó ló gbé EFCC dé fúláàtì kan ní Osborne Towers ní Ìkòyí, níbi tí wọ́n ti bá owó tó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó Ìkòyí nìkan ni olobó ń tú síta. Ìyá ẹlẹ́wà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, òpópó yẹn náà ló ń gbé, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbà lọ sílé ìwé. Bí orúkọ rẹ̀ bá jò, ẹ̀yin wà ní ọ́fíìsì, òun ló wà lójú títì. Abala 64 òfin ICPC ní kí a pa orúkọ ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ẹni tó mọ orúkọ náà nínú ikọ̀ yín kéré bó bá ti lè ṣeé ṣe.

Ní ìparí, ẹ má bẹ̀rù ènìyàn ńlá, ẹ má sì jẹ́ kí ènìyàn ńlá fi yín jà. Ní 2005, EFCC gbé Tafa Balogun, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nípò ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, lọ sílé ẹjọ́, ó sì lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọlọ́pàá ni Ribadu alára, abẹ́ Balogun ló wà nínú iṣẹ́ náà. Ọdún 15 lẹ́yìn ìyẹn, Ibrahim Magu, adelé alága EFCC, ni wọ́n pè níwájú ìgbìmọ̀ Adájọ́-fẹ̀yìntì Ayọ̀ Sàlámì láti wá dáhùn ìbéèrè nípa bó ṣe darí iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ kan kò dá Magu lẹ́bi o, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kò sí àga tí ìbéèrè kì í dé. Bí wọ́n bá pè yín lórí fóònù pé kí ẹ dá fáìlì kan dúró, tàbí kí ẹ sáré mú ẹnì kan kí ìbò tó dé, ẹ fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ ní ìwé.” Àṣẹ tó tọ́ kì í sá fún ìwé. Bí ìwé náà bá dé, ẹ fi í sínú fáìlì. Bí kò bá dé, ẹ kọ ọjọ́ àti agogo tí ìpè náà wọlé, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ẹ kọ́ àwọn tó wà lábẹ́ yín bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ yìn wọ́n nígbà tí ìwádìí bá fi hàn pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò ṣe é, bí ẹ ṣe ń yìn wọ́n nígbà tí wọ́n bá mú olè. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì. Ẹ pe ẹni tí kò sí nínú ikọ̀ yín kó ka fáìlì kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kó bi yín ní ìbéèrè tí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò bi yín. Ibi tí ẹ kò bá ti lè dá a lóhùn, ẹ padà lọ wádìí ibẹ̀. Ẹ rántí ọmọ ẹni tí ẹ ń ṣe. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ba orúkọ yín jẹ́.