Ẹni Tó Dákẹ́, Tara Ọkọ̀ Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ tí kò fọhùn la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fẹ́ lò ó fún, nítorí ọkọ̀ kò lẹ́nu. Ohun tó lè ṣe kò ju pé kó gbọ̀n, kó dún, kó rùn, tàbí kó da epo sílẹ̀. Ẹni tó ń wà á nìkan ló lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Bí ẹni náà bá gbọ́ ariwo lábẹ́ ọkọ̀, tó wá yí ohùn rédíò sókè kó má baà gbọ́ ọ mọ́, àbùkù ọkọ̀ náà ti bá a dákẹ́ nìyẹn, títí di ọjọ́ tí nǹkan á já lójú títì. Èrò mi ni pé àròyé ẹni tó ni ọkọ̀, tàbí ti ẹni tó ń wà á, ni ojú tí gbogbo ètò ìpèpadà ọkọ̀, níbi tí iléeṣẹ́ ti ń pe ọkọ̀ tó lábùkù padà wá fún àtúnṣe, fi ń ríran. Ibi tí àròyé bá ti já, ibẹ̀ ni ojú náà ti ń fọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, ibi tó ti já gan-an lẹ dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ akẹ́rù Ford Transit tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, Ford kéde pé òun ń pe Transit bíi 402,000 padà ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò, àwọn tó jẹ́ ti ọdún 2015 sí 2017. Rọ́bà kan tó wà lára púrópẹ́là ló fà á. Iṣẹ́ rọ́bà yìí ni pé kó máa tẹ̀ bí púrópẹ́là ti ń yí, kí irin má baà máa gbá irin. Nígbà tó bá yá, rọ́bà náà á sán, bí wọ́n bá sì ń wa ọkọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀, púrópẹ́là lè já. Bí ó bá já lórí eré, ẹ́ńjìnnì á máa ké lásán, táyà kò ní rí agbára gbà mọ́, irin tó já sì lè ba páìpù bíréèkì àti ti epo jẹ́. Bí ọkọ̀ bá sì dúró, tí awakọ̀ ti gíà sí ipò ìgbọ́kọ̀sí ṣùgbọ́n tí kò fa hándíbíréèkì, ó lè dá yí lọ, nítorí ohun tó so gíà mọ́ táyà ẹ̀yìn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ford sọ nígbà náà pé òun kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ti fara pa. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà, torí kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìpèpadà tó bá wúlò jù lọ ni èyí tó dé kí òkú tó sùn.

Ohun mìíràn wà nínú ìkéde yẹn tó yẹ ká dúró lé lórí. Wọn ò tíì rí àtúnṣe àṣekágbá nígbà náà, nítorí náà wọ́n ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rọ́bà náà ní gbogbo 30,000 máìlì títí wọ́n á fi rí i. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń já ẹrù káàkiri ìlú, tó ń rin 100 máìlì lóòjọ́, ọjọ́ 300 péré ni yóò fi rin 30,000. Mọ́tò tí ìdílé kan fi ń lọ síbi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì lè lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó tó dé ibẹ̀, kì í sì í gbé pálí ẹrù dé òrùlé. Ọkọ̀ akẹ́rù ń gbó kíá, abẹ́ ẹrù ló sì ti ń gbó. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lára rẹ̀ ni àbùkù tó fara pamọ́ ti sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú, àwọn tó ń wà á ló sì ń kọ́kọ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí sísọ. Ní ti mọ́tò ilé, etí tó gbọ́ ariwo àti ọwọ́ tó ń sanwó àtúnṣe, ti ẹnì kan náà ni. Ti ọkọ̀ akẹ́rù kì í sábà rí bẹ́ẹ̀: dírẹ́bà ló ń gbọ́, ọ̀gá ló ni ọkọ̀. Bí iléeṣẹ́ bá kọ lẹ́tà ìpèpadà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, lẹ́tà náà á sì balẹ̀ sórí tábìlì akọ̀wé kan tí kò jókòó sínú ọkọ̀ náà rí. Dírẹ́bà tó gbọ́ ariwo kò rí lẹ́tà, ọ̀gá tó rí lẹ́tà kò gbọ́ ariwo. Ìbẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé iye ẹrù tó bá já lóòjọ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún un mọ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, owó ọjọ́ yẹn ti lọ, wọ́n sì tún lè ní òun ló bà á jẹ́. Mi ò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí. Ọ̀gá ni mo ń bá wí. Kó fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀, kí dírẹ́bà máa kọ ohun tó bá gbọ́ àti ohun tó bá rí sí i, kó sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ìyà lórí ohun tó bá kọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọ̀gá ló lè dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ àti ìjọba, àmọ́ dírẹ́bà ló mọ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe bó bá gbẹ́rù gun òkè.

Àròyé tó bá sì fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ ní egungun nínú. Ẹni tó bá kàn sọ pé “ọkọ̀ yìí ò dáa” ti bínú lóòótọ́, kò tíì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òfin ààbò ọkọ̀ ti ọdún 1966 ni ìpìlẹ̀ ètò ìpèpadà ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe é lẹ́yìn ariwo tí ìwé Ralph Nader lórí ewu ọkọ̀, tó jáde lọ́dún 1965, dá sílẹ̀. NHTSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o, ń gba àròyé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń gbé e síta láìdárúkọ ẹni tó mú un wá. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni nọ́ńbà ṣásí, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn, bí eré ṣe pọ̀ tó, àti ẹ̀yà tó dàrú. Ìbéèrè wọ̀nyí nídìí. Àròyé kan ṣoṣo lè jẹ́ àṣìṣe mẹkáníìkì kan. Àmọ́ bí ogójì èèyàn tí wọn ò mọra wọn rí, ní ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bá kọ ọ́ pé ẹ̀yà kan náà bàjẹ́ lára ọkọ̀ àwọn nígbà tí máìlì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ̀bi àbùkù ọ̀hún kò ṣeé dì ru mẹkáníìkì kan mọ́. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹni tó bá dá rọ́bà rẹ̀ pààrọ̀ tó sì sanwó lábẹ́lẹ̀ ti tún ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ó ti pa ẹ̀rí mọ́ fún àwọn tó kù.

Àwọn kan á ní, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí èèyàn kúkú sá fún ọkọ̀ tí àròyé rẹ̀ pọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọkọ̀ tó bá pọ̀ lójú títì ni àròyé rẹ̀ máa pọ̀, Transit sì wà lára àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó pọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Bóyá àròyé ń lọ sí ojú kan náà ni kí ẹ wò, kí ẹ tó ka iye rẹ̀. Ìpèpadà náà kì í ṣe àbàwọ́n. Ọkọ̀ tí wọ́n pè padà tí wọ́n sì tún ṣe, tó ní ìwé ẹ̀rí, sàn ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò yẹ abẹ́ rẹ̀ wò rí.

Wàyí o, àròyé kì í dá òkun kọjá. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti jìyà rẹ̀ rí. Lọ́dún 1999, Ford bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ àwọn táyà Firestone lára ọkọ̀ rẹ̀ ní Saudi Arabia àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, níbi tí ooru ti ń bá táyà jà. Kò sí òfin tó ní kó sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà. Oṣù kẹjọ ọdún 2000 ni wọ́n tó pe táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin pé iléeṣẹ́ tó bá pe ọkọ̀ tàbí táyà tó jọ èyí tó ń tà ní Amẹ́ríkà padà ní ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ fi tó NHTSA létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Wọ́n ti ṣe afárá tí ìròyìn máa gbà wọlé sọ́dọ̀ wọn. Ní tiwa, ọkọ̀ ló ń wọlé, ìròyìn rẹ̀ kì í bá a wá. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká ròyìn lọ́dún 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ló ti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan lọ sí ilẹ̀ mìíràn, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́tà ìpèpadà á máa lọ sí àdírẹ́sì ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ náà wà ní Kútọnu tàbí Èkó. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ ní kí oníṣòwò má ta ọkọ̀ àlòkù tí ìpèpadà rẹ̀ kò tíì yanjú.

Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé àwọn àbùkù kan wà tí ojú ọjọ́ wa gan-an ń bọ́. Èèbáàgì tí iléeṣẹ́ Takata ṣe wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, títí kan àwọn ọkọ̀ akẹ́rù Sprinter kan. Ooru àti ọ̀rinrin ọlọ́dún gbọọrọ ló ń ba ètù inú rẹ̀ jẹ́. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ètù á bú kọjá bó ṣe yẹ, agolo irin tó gbé e dání á fọ́, àfọ́kù rẹ̀ á sì fò lu awakọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ olóoru tó ní ọ̀rinrin ni wọ́n fi ṣáájú nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2022, Ford tún pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 2.9 padà, Transit Connect wà lára wọn, nítorí bọ́ṣì kékeré tó di wáyà gíà mú lè bàjẹ́ tàbí kó bọ́, kí awakọ̀ rò pé gíà wà ní ipò ìgbọ́kọ̀sí nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin wà lára ohun tí wọ́n ní ó lè sọ bọ́ṣì náà di jíjẹrà, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ìbòrí sí tuntun lórí. Ẹ̀yin náà ẹ ronú wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ti lo ọdún mẹ́fà ní Sèmè tàbí Mushin.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fún mi: owó tó wà lọ́wọ́ ló ń sọ irú ọkọ̀ tí èèyàn máa rà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, àyẹ̀wò tí mò ń sọ yìí kò sì ju owó dátà díẹ̀ lọ. Wọ́n á tún ní mẹkáníìkì wa lè tún ohunkóhun ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn, àmọ́ mẹkáníìkì kì í wá ohun tí kò tíì dún. Kò sí ariwo tí ètù èèbáàgì máa pa kó tó bú. Ìròyìn ìpèpadà nìkan ló lè sọ fún un pé kó yẹ ibẹ̀ wò, bó bá sì rí i, ti èèbáàgì kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́ igi. Ọ̀dọ̀ aṣojú iléeṣẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ gbé e lọ. Bí wọ́n bá kọ̀ yín níbẹ̀ ní Nàìjíríà, FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀, ló ń gba ẹjọ́ oníbàárà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà ṣásí láti ojú gíláàsì iwájú níhà awakọ̀, kí ẹ sì wo ti ara òpó ilẹ̀kùn. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, kò sì sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ O síbẹ̀, òdo ló ṣì kọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fi ìpèpadà tí wọn ò tíì tún ṣe hàn yín. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà nìkan lèyí wà fún. Ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bi olùtà ní nọ́ńbà tí ọkọ̀ náà lò lọ́hùn-ún, torí òun ni DVSA, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ọkọ̀, fi ń ṣàyẹ̀wò. HiAce tó wá tààrà láti Japan kì í ní nọ́ńbà 17, nítorí náà ìwádìí rẹ̀ di ọ̀dọ̀ Toyota. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Houston àti Maryland tí ẹ ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé, ọ̀dọ̀ yín ni iṣẹ́ yìí ti rọrùn jù. Bí ọkọ̀ kò bá tíì ju ọdún 15 lọ, ọ̀fẹ́ ni aṣojú iléeṣẹ́ máa ń ṣe àtúnṣe ìpèpadà, kódà fún ẹni tó rà á ní àlòkù. Ẹ gbé e lọ kí ẹ tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ gba ìwé àtúnṣe náà, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.