Kíkọ́ Olùdámọ̀ràn Ìmúpadàbọ̀sípò Bí A Ti Ń Wádìí Ọjà Iṣẹ́
Iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní oníbàárà kì í bọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ. Nítorí náà, kí olùdámọ̀ràn tó dábàá iṣẹ́ fún ẹni tí ó ní ìpèníjà ara, ó yẹ kí ó mọ̀ bí a ti ń wádìí ọjà:

• Kí ó béèrè irú òṣìṣẹ́ tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń wá.
• Kí ó fojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́ náà: ṣé ìdúró ni àbí ìjókòó?
• Kí ó ka iye àwọn tí ń ṣe é ládùúgbò.
• Kí ó mọ òfin: ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2018 ní kí ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba jẹ́ aláàbọ̀ ara, bí ó bá ti ṣeé ṣe tó.

Ẹni náà fúnra rẹ̀ ni yóò yan iṣẹ́. Ìwádìí ni yóò jẹ́ kí ó yàn án tòyetòye.